Bí ẹ ṣe lè yan kọ̀ǹpútà tí yóò gbé iṣẹ́ ẹ́dítì fídíò nílé

Bí ẹ bá wọ òpópónà Ọ̀tígbà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fẹ́ ná?" Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹni tó bá dárúkọ owó kó tó dárúkọ iṣẹ́, ohun tó bá wà lórí àtẹ ni wọ́n ó dì fún un. Kọ̀ǹpútà tó ń tẹ lẹ́tà dáadáa, tó ń ṣí Facebook, tó sì ń fi fíìmù hàn láìdúró, lè dákú lọ́jọ́ tí ẹ bá da fídíò òwàḿbẹ̀ tí kámẹ́rà mẹ́ta yà sínú rẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe ẹ́dítì nílé ara rẹ̀, ìbáà ṣe fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, skit, ìwàásù tàbí fíìmù kékeré fún YouTube. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi máa pọ̀ sí jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò yín

Fáìlì tí kámẹ́rà tàbí fóònù yín ń yà ló máa sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ nílò. Ẹ mú èyí tó wúwo jù nínú wọn, kí ẹ fi MediaInfo ṣí i. Ọ̀fẹ́ ni MediaInfo, kò sì gba àyè. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wá níbẹ̀: Format, Bit rate, Bit depth àti Chroma subsampling. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ máa nílò wọn lọ́jà.

Bí Format bá jẹ́ AVC, H.264 nìyẹn. Ó ti pẹ́ láyé, èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣòro fún ẹ̀rọ láti tú. Bí ó bá jẹ́ HEVC, H.265 ni. HEVC kì í gba àyè púpọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní láti ṣe làálàá kó tó tú àwòrán inú rẹ̀ jáde. Láti ìgbà iOS 11, ní 2017, ni iPhone ti ń fi HEVC ya fídíò, àfi bí ẹ bá lọ sí Settings, lábẹ́ Camera, níbi Formats, tí ẹ yí i sí "Most Compatible".

Bit depth ń sọ iye àwọ̀ tí fídíò lè gbà: èyí tó jẹ́ 8 rọrùn, 10 le jù ú lọ. Chroma ń sọ bí fídíò ṣe ń fi àwọ̀ pamọ́: 4:2:0 rọrùn. 4:2:2, irú èyí tí Sony A7 IV lè yà, ni àgbà wọn. Òun ló ń mú kọ̀ǹpútà tó dára gan-an máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Wọ́n ra kámẹ́rà tuntun, wọ́n ṣí ètò rẹ̀ sí 4:2:2 nítorí wọ́n gbọ́ pé ó mọ́ jù, wọn kò sì ro ti kọ̀ǹpútà tó máa gbà á lálejò.

Bit rate ni ẹ ó fi mọ iye àyè tí ẹ máa nílò. Ẹ pín in sí mẹ́jọ, kí Mb (megabit) lè di MB (megabyte). Kámẹ́rà tó ń ya 4K ní 100 Mb/s ń kọ 12.5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì di 45 GB ní wákàtí kan. Bí kámẹ́rà mẹ́ta bá fi wákàtí mẹ́rin ya ìgbéyàwó kan, láti ìgbà tí alága ìjókòó ti gba máìkì títí dìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó lójú agbo, 540 GB ti lọ. Ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù tí àyè rẹ̀ jẹ́ 256 GB kò lè gba iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irinṣẹ́ tí ẹ máa lò

Èyí kò gba àkókò. DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó ń yọ fídíò jáde títí dé Ultra HD 4K, kò sì ní fi àmì sára iṣẹ́ yín bí ẹ kò bá ti fọwọ́ kan àwọn effect tó jẹ́ ti Studio, ẹ̀dà tí wọ́n ń tà. Gíráfíìkì, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, ló gbára lé jù. Premiere Pro, owó oṣooṣù lẹ ó máa san fún un, processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló sì ń lo jù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ gíráfíìkì. CapCut kò béèrè ohun púpọ̀, ó sì tó fún skit ìṣẹ́jú méjì. Final Cut Pro kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows rárá. Mac ni tirẹ̀.

Bí ẹnì kan bá bi mí, Resolve ni màá ní kó kọ́, nítorí pé owó kan kò jáde lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní gíráfíìkì gidi, agídí ni Resolve máa ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Processor, àti irọ́ tó wà lára sítíkà

"Core i7 ni o!" Ọlọ́jà á sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ike ice cream inú fìríìsà ni sítíkà i7. Àfi bí ẹ bá ṣí i kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n rọ sínú rẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU: orúkọ processor náà wà lókè lápá ọ̀tún, iye core rẹ̀, ìyẹn iye ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, sì wà nísàlẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kà. Nínú i7-6600U, 6 tó ṣáájú ń sọ pé ìran kẹfà ni, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sixth gen. Core 2 péré ló ní. Nínú i5-8350U, ìran kẹjọ ni, core 4 ló ní. Ẹ ó bá ti àkọ́kọ́ nínú HP EliteBook 840 G3, ẹ ó sì bá ti èkejì nínú 840 G5, lórí àtẹ kan náà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé sítíkà á gbé i7 lọ sílé, á sì fi i5 tó jù ú lọ sílẹ̀. Láti ìran kẹwàá lọ, nọ́ńbà méjì tó ṣáájú lẹ ó kà: i5-10310U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìkọkànlá.

Ìran kẹjọ ni mo ka sí ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí core tó pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ Windows wà níbẹ̀. Ní 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba Intel tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò tọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Windows 11 lórí ìran kẹfà, ẹ má kà á sí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. U ni ti láptọ́ọ̀pù fẹ́ẹ́rẹ́, 15W ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. H máa ń tó 45W. Ó ń gbóná, fáànù rẹ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n òun ló lè fi wákàtí méjì yọ fídíò jáde láìrẹ̀. Fún skit àti ìwàásù, U tó. Fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ ìgbéyàwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá H.

Ohun kan wà tí ọlọ́jà kì í sọ, bóyá nítorí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Nínú Intel tó ní gíráfíìkì tirẹ̀ nínú, ibì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa tú fídíò, kó sì máa pa á pọ̀. Quick Sync ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 2011. Ibẹ̀ ló ń pinnu bóyá fídíò HEVC yín máa lọ geere tàbí kó máa já lẹ́sẹẹsẹ. Láti ìran keje ló ti ń tú HEVC 10-bit. Ti 4:2:2 inú HEVC, ẹ má wá a nísàlẹ̀ ìran kọkànlá.

Ohun tó sì fà á nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ nípa àwọn táwà (kọ̀ǹpútà alápótí) ńlá ńlá tó ní Xeon, irú processor Intel kan, tí wọ́n kó wá láti ọ́fíìsì òkè òkun, bíi HP Z420 àti Z440. Core wọn pọ̀, owó wọn kò gara, RAM wọn (àyè tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) lè tó 64 GB, ojú á sì wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n irú Xeon tó wà nínú wọn kò ní Quick Sync. Bí ẹ kò bá ra káàdì gíráfíìkì tó dára sí i, fídíò iPhone lásán á máa bá gbogbo core wọ̀nyẹn jìjàkadì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Intel táwà tí F bá gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀: kò ní gíráfíìkì nínú rárá, kò sì ní Quick Sync.

AMD náà dára. Ryzen 5 PRO 4650U, tó wà nínú EliteBook 845 G7 àti àwọn ThinkPad T14 kan, ní core 6, àwọn ọlọ́jà kì í sì í sábà fi owó gun orí rẹ̀ nítorí pé ariwo Intel ni oníbàárà ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: RAM

8 GB kò tó. Windows àti Chrome á ti jẹ ìdajì rẹ̀ kí ẹ tó ṣí fídíò kankan. 16 GB ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ 4K, tàbí tí ẹ ń lo Fusion, ibi tí wọ́n ti ń ṣe effect inú Resolve, 32 GB.

Ẹ béèrè bóyá RAM náà ṣeé pààrọ̀. EliteBook 840 G5 ní ihò méjì, ẹ lè ra 8 GB lónìí kí ẹ sì fi 8 GB mìíràn kún un bí owó bá dé. ThinkPad X1 Carbon, tó rẹwà, tó fúyẹ́, wọ́n ti lẹ RAM rẹ̀ mọ́ pátákó. Èyí tí ẹ bá rà ni ẹ ó lò títí. Bí ihò bá jẹ́ méjì, ẹ fi RAM sínú méjèèjì, 8 pẹ̀lú 8, dípò 16 kan ṣoṣo. Gíráfíìkì inú Intel àti AMD, inú RAM ló ti ń yá àyè, ó sì máa ń yára sí i bí ọ̀nà bá jẹ́ méjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ibi tí ẹ máa kó fídíò sí

Hard disk àtijọ́ tó ń yí ń ka nǹkan bíi 100 sí 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bí ó bá ń ka fáìlì kan tẹ̀ léra. Bí ẹ bá to kámẹ́rà mẹ́ta sórí timeline, ibi tí ẹ ti ń to fídíò pọ̀, orí rẹ̀ á máa sáré láti ibí sí ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ á sì dẹnu kọlẹ̀. SSD ni èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú: irú tí wọ́n ń pè ní SATA ń dé nǹkan bíi 550 MB. Irú NVMe ń lọ sí 3,500 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹ́dítì, SATA tó dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi NVMe gba owó tó yẹ kí ẹ fi ra RAM lọ́wọ́ yín.

Bí mo ṣe máa ń tò ó ni pé Windows àti irinṣẹ́ ẹ́dítì wà lórí SSD inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wà lórí SSD kejì, yálà nínú tàbí níta lórí USB 3, iṣẹ́ tó ti parí wà lórí hard disk ńlá tó ń yí. Hard disk kò burú níbẹ̀, owó rẹ̀ kéré, kò sì ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ yára.

Ẹ ṣọ́ra fún SSD "2 TB" àti fíláàṣì ńlá tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà: Windows á kà á sí 2 TB, àyè gidi kò ju 64 GB lọ, bí ó bá sì ti kún, fídíò tuntun á máa tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. H2testw, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń kọ nǹkan kún gbogbo àyè náà, á sì tún kà á padà. Ẹ fi dán an wò kí ẹ tó gbé ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gíráfíìkì

Irọ́ kejì tó gbajúmọ̀ lọ́jà ni "8 GB graphics." Ẹ padà sí Task Manager, Performance, ẹ tẹ GPU. Ìlà méjì ni kí ẹ wò: Dedicated GPU memory àti Shared GPU memory. Dedicated ni ti káàdì fúnra rẹ̀. Shared kàn ń sọ iye RAM tí gíráfíìkì lè yá ni, ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá ní 16 GB RAM á sì máa kọ nǹkan bíi 8 GB síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Intel nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí káàdì gidi nínú ẹ̀rọ yẹn, ohun yòówù kí wọ́n pè é.

Fún Resolve, ẹ wá káàdì tó ní 4 GB tirẹ̀, ó kéré tán. 6 tàbí 8 GB bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ 4K. NVIDIA GTX 1650 ni ó sábà máa ń bọ́ sí àpò ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i nínú láptọ́ọ̀pù eré géèmù. Nínú àwọn tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, HP ZBook 15 G5 ní processor H ìran kẹjọ, pẹ̀lú Quadro P1000 tàbí P2000. Kò lẹ́wà, ó wúwo lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ó bá sì jẹ́ pé CapCut àti fídíò 1080p ni ẹ̀yin ń ṣe, ẹ fò ó. Gíráfíìkì inú Intel ìran kẹjọ sókè tó yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Iná ló máa yàn láàárín láptọ́ọ̀pù àti táwà

Ní ìlú òyìnbó, ẹni tó ń ṣe ẹ́dítì nílé á ra táwà, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: owó kan náà, agbára tó pọ̀ jù, ìtutù tó dára jù. Níbí, ẹ jẹ́ ká ṣírò iná ná.

Bátìrì inverter kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, 2,400 Wh ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oní-ásíìdì, kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,200 Wh. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí ṣájà rẹ̀ jẹ́ 65W á lo ohun tó kù fún nǹkan bíi wákàtí 15. Táwà àti ojú rẹ̀, tó bá ń fa 300W, á fi wákàtí 3 àti díẹ̀ gbẹ ẹ́. ZBook tí mo dárúkọ lókè wà láàárín: ṣájà 150W tàbí 200W ló ń lò.

Bí iná yín kì í bá sábà lọ, tàbí tí ẹ ní sólà tó pọ̀, ẹ ra táwà, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ra UPS pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Táwà tí NEPA bá mú iná rẹ̀ lọ nígbà tó ń kọ fáìlì, iṣẹ́ á bàjẹ́, SSD náà sì lè fara gbá a. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú "I better pass my neighbour", iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹ fi stabilizer sáàárín, ẹ má sì fi fìríìjì àti táwà sórí rẹ̀ pọ̀.

Ohun kan tún wà tí oníláptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows máa ń dín agbára ara wọn kù bí ẹ bá yọ ṣájà. Ẹ gé fídíò lórí bátìrì bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣájà sí i kí ẹ tó yọ ọ́ jáde.

Lórí ọ̀rọ̀ iná yìí ni MacBook M1, tó jáde ní oṣù November 2020, ti borí gbogbo wọn. Ṣájà 30W ni ti MacBook Air rẹ̀, kò ní fáànù, ó sì ń tú HEVC 10-bit 4:2:2 láìsí wàhálà. Àìsàn rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. RAM àti àyè tí ẹ bá rà ni ẹ ó lò títí. Ẹ wá èyí tó ní 16 GB. Bí 8 GB nìkan ni owó yín ká, ó lè gbé 4K kékeré, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti jáde nínú iCloud rẹ̀, àti pé kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan tó ṣì ń darí rẹ̀ láti òkè òkun. Ẹ ní kí ọlọ́jà pa á rẹ́ pátápátá lójú yín, kí ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ sì tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá béèrè orúkọ ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ojú kọ̀ǹpútà

Ẹ gbé orí yín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Bí àwọ̀ bá yí padà, irú ojú tí wọ́n ń pè ní TN ni. Ẹ má fi wo àwọ̀ aṣọ ẹbí fún oníbàárà. IPS ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iye àwọ̀ tí ojú náà lè fi hàn: "100% sRGB" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ rí. "45% NTSC" túmọ̀ sí pé pupa á máa jọ àwọ̀ bíríkì, ẹ ó sì máa fi àwọ̀ kún fídíò tí kò nílò rẹ̀, tí yóò wá máa ta yòò lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí ojú láptọ́ọ̀pù kò bá dára ṣùgbọ́n tí gbogbo ìyókù dára, ẹ rà á; ojú IPS tòkunbọ̀ tí ẹ máa fi HDMI so kò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìdánwò lọ́jà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ má lọ ra ẹ̀rọ láìmú fíláàṣì dání. Ẹ kó fáìlì tó wúwo jù, èyí tí ẹ fi MediaInfo wò, sínú rẹ̀, pẹ̀lú VLC (tó ń fi fídíò hàn), CrystalDiskInfo àti fáìlì HEVC kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní iPhone. Bí ẹni tó dúró ní títì bá fà yín lọ́wọ́ pé òun á mú yín lọ síbi tó dára, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Owó tirẹ̀ á gorí owó yín. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní orúkọ lára ògiri.

Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà sínú ẹ̀rọ; ẹ má ṣe é láti orí fíláàṣì, nítorí fíláàṣì fúnra rẹ̀ lè máa fà. Ẹ fi VLC ṣí i, ẹ sì ṣí Task Manager sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi GPU. Àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Video Decode sí. Bí ó bá gòkè nígbà tí fídíò ń lọ, tí CPU sì wà nílẹ̀, bíi 10 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tó ń tú fídíò nínú ẹ̀rọ náà mọ fáìlì yín. Bí Video Decode bá sùn lọ fọnfọn, tí CPU sì fò sókè sí 90, tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, ẹ ti rí bí ayé yín á ṣe rí lórí ẹ̀rọ yẹn. Ẹ fa fídíò náà síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn, nítorí ohun tí ẹ ó máa ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọlọ́jà lè máa sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, kò sí wàhálà lára rẹ̀." Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

CrystalDiskInfo á sọ ìlera SSD àti iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ Caution, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Fún bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á kọ fáìlì kan, nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí Design Capacity àti Full Charge Capacity. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, bátìrì tuntun wà lọ́rùn yín, ẹ fi ná owó.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún tàn án, kí ẹ máa tẹ F10 bí ó bá jẹ́ HP, F2 bí ó bá jẹ́ Dell, kí ẹ wo bóyá ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹ tó wọ BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ. Tí ó bá béèrè tí ọlọ́jà kò mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi fíláàṣì sínú gbogbo ihò USB lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì keyboard, ẹ gbọ́ spíkà méjèèjì, nítorí ẹni tó ń to ohùn pọ̀ kò lè máa fi etí kan ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ kún fún eruku á gbóná nígbà yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bó ti wù kó yára tó ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fi gbà yín láàyè láti dá a padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Bí owó kò bá tó

Bí owó yín bá pin, ẹ má dín RAM àti SSD kù kí ẹ lè gbé gíráfíìkì ńlá. Ohun tí màá mú fún ẹni tó ń ṣe 1080p ni EliteBook 840 G5, i5 ìran kẹjọ, 16 GB, SSD 512 GB. Fún 4K láti fóònù, màá wá ZBook 15 G5 tàbí láptọ́ọ̀pù géèmù tó ní GTX 1650. Fún ẹni tó ya 4:2:2 inú HEVC, M1 tàbí Intel ìran kọkànlá sókè. Nísàlẹ̀ ìyẹn, kó lọ yí ètò kámẹ́rà rẹ̀ padà sí 4:2:0, oníbàárà tó ń wo fídíò lórí WhatsApp kò ní mọ̀.

Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí náà ṣì lè ṣiṣẹ́ 4K bí ẹ bá lo proxy. Ẹ̀dà kékeré fídíò yín ni: Resolve tàbí Premiere á ṣe é fún yín, ní 720p tàbí 1080p, ẹ ó máa gé, ẹ ó máa tò ó pọ̀ lórí ẹ̀dà kékeré náà, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ yọ iṣẹ́ jáde, fáìlì gidi ló máa lò. Nínú Resolve, ẹ mú gbogbo fídíò nínú Media Pool, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lára máúsì, ẹ yan Generate Proxy Media. Ẹ ṣe é lálẹ́ nígbà tí iná bá wà, kí ẹ tó lọ sùn. Bí iṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ oníbàárà, tó sì ti san tán, ẹ pa àwọn proxy rẹ́. Fáìlì gidi ni kí ẹ fi pamọ́, ní ibi méjì, kí ẹ tó nu káàdì kámẹ́rà.